Téèpù Tó Fà Ló Dójú Tì Mí Níwájú Aránṣọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó tó bá a lọ. Owó ìránṣọ, 22,000 náírà. Owó àtúnṣe, 6,000. Owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, lọ-bọ̀. Gbogbo rẹ̀ nítorí téèpù kan tí kò ju 500 náírà lọ lọ́jà.

Oǹdó ni aránṣọ mi wà, Àkúrẹ́ ni èmi ń gbé. Ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀, n kò sì ráyè lọ, ni mo bá ní kí ọmọbìnrin mi wọ̀n mí nílé, mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àyà, íǹṣì 38 àbọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni gáùn léèsì náà dé, Sátidé ni ìgbéyàwó. Síìpù gun ẹ̀yìn mi dé ìdajì, ó dúró. Mo fa ikùn mọ́ra, ọmọ mi fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń fà á. Kò lọ.

Mo pe aránṣọ mi. "Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí aṣọ mi há báyìí?"

"Ẹ má bínú mà, nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ ni mo lò. Mo tiẹ̀ fi íǹṣì kan kún un kó lè rọ̀ yín lọ́rùn."

Mo tẹ́ gáùn sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wọ̀n ọ́n. Kò tilẹ̀ pé 38! Ẹni tó ní òun fi íǹṣì kan lé 38 àbọ̀. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun wọ̀n ọ́n kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, 39 àbọ̀ géérégé ni. Ohùn wa bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè. Ó ti dé ẹnu mi láti sọ pé ó gé lára léèsì mi pamọ́ (gbogbo wa la mọ ohun tí a máa ń sọ nípa télọ̀), ọkọ mi ló ní kí n gbé fóònù sílẹ̀.

Àárọ̀ Ẹtì, mo gbé gáùn, mo gbé téèpù mi, ó di Oǹdó. Ó wọ̀n ọ́n lójú mi: 39 àbọ̀. Mo yọ tèmi lápò: 38 kò pé. Gáùn kan náà o. A ń wo ara wa. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kékeré kan ló mú téèpù méjèèjì, ó fi orí irin kan orí irin, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Nígbà tí tiwọn dé 12, 11 àbọ̀ ni tèmi wà. Nígbà tí tiwọn parí sí 60, tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá 57. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Téèpù mi ti fà. Ọmọkùnrin mi ti fi di mátírẹ́ẹ̀sì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rí nígbà tó ń lọ sílé ìwé, mo sì rò pé kò sóhun tó ṣe é. Íǹṣì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti gùn ju íǹṣì lọ, nítorí náà ló ṣe ń ka ara mi sí kékeré. Bó bá jẹ́ pé téèpù yẹn náà ni Ìyá Ìbejì fi gé aṣọ ni, ì bá bọ́ sí i, nítorí ohun kan náà ni wọ́n ì bá fi wọ̀n, tí wọ́n ì bá fi gé. Èmi wọ̀n nílé, òun gé lọ́dọ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ ló ti dàrú. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi àjẹkù léèsì sí abẹ́ apá méjèèjì, mo sì wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó.

Fún ànkárá tó tẹ̀ lé e, Ọjà Ọba níbí ni mo ti ra téèpù tuntun, mo sì fi rúlà ọmọ mi wò ó kí n tó sanwó. Ìyá tó ń tà á wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Kó wò mí tó bó ṣe fẹ́.

Ọrùn, apá, gígùn aṣọ, ta ni kò mọ ìyẹn. Àyà àti ìbàdí ni ọ̀rọ̀ wà. Kọ́mú tí mo fẹ́ wọ̀ jáde ni mo wọ̀, kì í ṣe ti inú ilé tó ti dẹ̀. Mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tí ara ti ká ni mo jẹ́ kí okùn dúró sí. Mo tún bi Ìyá Ìbejì ohun tó ń pè ní ìbàdí, torí àwọn kan ń pe ìdí gan-an bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tó yọ jù lọ ni wọ́n ti ń wọn ìdí. Ọmọ mi kàn ń jẹ́ kí téèpù wọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn mi ṣáá, àfi ìgbà tí mo dúró síwájú dígí tí mo ń pariwo mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì la wọn ibi kọ̀ọ̀kan.

Àyà, 40. Ó dùn mí díẹ̀, 38 àbọ̀ ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ aṣọ náà ló bá mi mu rẹ́gí, síìpù lọ sókè fùúù.

Téèpù àtijọ́ ṣì wà nílé. Òun la fi ń so ẹnu àpò gààrí.