Orí Ọmú Kan Tó Ń Bó Tí Kò Jiná: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Jẹjẹrẹ Paget

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ará ilé, jẹjẹrẹ ọmú tí gbogbo wa mọ̀ ni èyí tó ń di kókó sínú ọmú, àmọ́ ọ̀kan wà tó jẹ́ pé orí ọmú gangan ló ti máa ń yọjú, á wá ṣe bí ẹni pé ara yíyún lásán ni. Paget ni wọ́n ń pè é, torí dókítà ará Ìlú Ọba kan, James Paget, ló kọ nípa ẹ̀ ní 1874, ó rí obìnrin bíi 15 tí orí ọmú wọn dégbò, gbogbo èyí tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí ló ní jẹjẹrẹ nínú ọmú kó tó pé ọdún méjì. Kò wọ́pọ̀ o, nínú 100 ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, bíi 1 sí 4 ni. Àìwọ́pọ̀ yẹn náà ló ń kó báni, kì í tètè wá sọ́kàn aláìsàn, nígbà míì kì í wá sọ́kàn dókítà pàápàá.

Báwo ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Orí ọmú á máa yún, á máa ta, á pọ́n, awọ ibẹ̀ á gbẹ á máa bó wẹ́wẹ́. Tó bá yá èépá á bò ó, tẹ́ ẹ bá ṣí i, abẹ́ ẹ̀ á tutù, ẹ lè rí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára kọ́mú. Orí ọmú tó yọ síta tẹ́lẹ̀ lè wá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí kó wọnú. Ẹlòmíì á ní òógùn oko ni, ẹlòmíì á ní kọ́mú ló ń ha òun, wọ́n á bá ra krímù.

Krímù yẹn gan-an ni wàhálà. Èyí tó ní stẹ́rọ́ọ̀dù lè mú kí pípọ́n àti yíyún rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ máa rò pé ó ti ń jiná, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sì wà níbẹ̀ tó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ oṣù á ti lọ báyẹn.

Ẹ́kísímà, àìsàn awọ lásán tó ń yún tí wọ́n máa ń fi Paget pè, sábà máa ń mú ọmú méjèèjì, àyíká dúdú orí ọmú ló sì máa ń mú jù. Ti Paget, ọmú kan ṣoṣo ni lọ́pọ̀ ìgbà, orí ọmú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó tàn lọ sí àyíká. Ẹ má fìyẹn dájọ́ o, kò sójú tó lè fi wíwò lásán mọ̀ ọ́n. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ò jiná, ẹ lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ sì béèrè biopsy, ìyẹn gígé ẹran ara díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Dókítà á gún yín lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú, á gé awọ kékeré kan kúrò lórí ọmú, ó di láàbù. Àwọn míì kàn máa ń ha ojú egbò náà, ìyẹn náà dáa, àmọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò rí nǹkan kan, ẹ ṣì ní kí wọ́n gé e. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì Paget tóbi, àwọ̀ ara ẹ̀ ṣá, ó fọ́n káàkiri àárín sẹ́ẹ̀lì awọ bí àlejò tó jókòó láàárín onílé. Torí pé jẹjẹrẹ awọ tí wọ́n ń pè ní melanoma lè jọ ọ́, wọ́n á fi àyẹ̀wò CK7 àti HER2, ìyẹn purotéènì méjì tí wọ́n máa ń wá lára sẹ́ẹ̀lì, yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ Paget ló máa ń ní méjèèjì, melanoma kì í sábà ní CK7.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú ọ̀nà tí wàrà ń gbà ni sẹ́ẹ̀lì yìí ti ń rìn wá sórí ọmú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé jẹjẹrẹ míì sábà máa ń wà nínú ọmú náà, bí ọwọ́ ò tiẹ̀ kan kókó kankan. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe mámógíràmù, ìyẹn fọ́tò X-ray inú ọmú, fún ọmú méjèèjì. Tí ìyẹn ò bá fi nǹkan hàn, ọ̀rọ̀ ò tíì parí, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, lè rí ohun tí mámógíràmù fò.

Ọkùnrin náà lè ní in, kò kàn wọ́pọ̀ rárá ni, àwọn ò sì ní kọ́mú tí wọ́n máa dá lẹ́bi.

Tí èsì bá jáde, ẹ gba ẹ̀dà ẹ̀ pa mọ́ sílé. Ẹ béèrè bóyá inú ọ̀nà wàrà nìkan ló ṣì wà àbí ó ti jáde síta, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá wọ́n kọ èsì HER2 àti ti họ́mónù (bóyá họ́mónù ara ló ń mú jẹjẹrẹ náà dàgbà) síbẹ̀, òun ni dókítà máa fi mọ irú oògùn tó máa bá yín mu.