Ìbọn Kì í Dédé Dún: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwa Tí A Ní Ìbọn Nílé

Bí ìbọn bá ṣèèṣì bà èèyàn ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé "iṣẹ́ èṣù ni." Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣakabùlà kò lè dún àfi bí ẹnì kan bá ki ẹ̀tù sí i. Ẹni tó ki í ló ni ohunkóhun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kí a gbé ìbọn tí a ti ki wọlé. Ọdẹ á ti igbó dé ní ìdájí, kò rí ẹran pa. Ẹ̀tù ṣì wà nínú ìbọn, kápù, ìyẹn ohun kékeré tó ń tan iná ran ẹ̀tù, ṣì wà lórí ihò iná. Á gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á lọ sùn. Ṣakabùlà kò rọrùn láti tú bí ìbọn oníkátíríìjì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé kó wà bẹ́ẹ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin á ti jí kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ yin ìbọn náà sínú ebè tàbí òkìtì ilẹ̀ níbi tí kò sí èèyàn kí ẹ tó wọ̀lú. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ yọ kápù náà kúrò, kí ẹ sì ti ìbọn mọ́ inú àpótí. Kódà bí ó bá dá yín lójú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ki ìka bọ ibi tí a ti ń fà á.

Ẹ má yìnbọn sí ojú tó ń tàn lásán, tàbí sí igbó tó ń mì. Àwọn tó ń ṣa obì ní Rẹ́mọ máa ń tètè jí lọ sóko, ọdẹ mìíràn náà sì lè wà níwájú yín. Bí ẹ kò bá rí gbogbo ara ẹran náà, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ti ayẹta ńkọ́? Ẹ má fi ìbọn dán an wò lára ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni náà ló bẹ̀ yín.

Nígbà Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun máa ń yìnbọn, ó sì máa ń wuni. Àwọn kan wá ń ṣe irú rẹ̀ níbi òkú àgbà, wọ́n ní ẹ̀tù lásán ni. Iná àti àkísà tí a fi dí ẹ̀tù mọ́nú, tó ń ti ẹnu ìbọn jáde, lè fọ́ ojú ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Bí ẹ̀tù bá sì pọ̀ jù, ìbọn á bẹ́ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́.

Òfin ìbọn ti 1959 sọ pé ṣakabùlà pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Tí èèyàn bá sì kú nítorí àìbìkítà yín, "èèṣì ni" kò ní gbà yín ní kóòtù: ẹ̀wọ̀n ẹ̀sùn ìpànìyàn tí a kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe lè gùn di ẹ̀wọ̀n gbére.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má sá, ẹ má sì jókòó ìpàdé ẹbí lórí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé ọ̀sìbítù kò ní gba ẹni tí ìbọn bà láìsí ìwé ọlọ́pàá. Òfin 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà ti pa ìyẹn rẹ́: dandan ni kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ìwé wà o, kò sí o, owó wà o, kò sí o. Àwọn fúnra wọn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, kí ẹ gbé e lọ.