Ọjọ́ tí fáìlì yín pé: ìgbà tó yẹ kí ẹ fi fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ìṣègùn ránṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ń wá àyè ní ilé-ìwé ìṣègùn ní Amẹ́ríkà yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kọ gbèdéke fọ́ọ̀mù wọn sí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ ọ́ sí oṣù kejìlá. Gbèdéke yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ohun tó ń sọ ni ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Kò sọ fún yín pé ilé ti kún kí wọ́n tó tì í.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kì í dúró kí gbogbo fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí ó ṣe ń dé ni wọ́n ń kà á, bí wọ́n sì ṣe ń kà á ni wọ́n ń pe èèyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ títí di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó yege ní àyè. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-ìwé kan fẹ́ fọ̀rọ̀ wá 600 èèyàn lẹ́nu wò. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ pé ní ìparí oṣù keje, gbogbo 600 yẹn ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹni tí tirẹ̀ pé nínú oṣù kọkànlá lè bá 100 péré nílẹ̀, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́ọ̀mù sì tún máa du ìwọ̀nba náà. Máàkì àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Ohun tí wọ́n bá lórí tábìlì ni kò dọ́gba. Ní ọdún 2023, ó lé ní 52,000 èèyàn tó béèrè àyè ní àwọn ilé-ìwé MD (oyè dókítà tó wọ́pọ̀ jù), àwọn tó wọlé sì tó nǹkan bí 23,000.

Àwọn ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn lésì, nínú oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Síbẹ̀, bí fọ́ọ̀mù ṣe ń dé làwọn náà ṣe ń pín ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí náà ẹni tó tètè dé kò pàdánù nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn.

Ohun mẹ́rin tó ń mú kí fáìlì pé

Ọjọ́ tí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ kọ́ ni ilé-ìwé ń wò. Ọjọ́ tí fáìlì yín pé ni. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: fọ́ọ̀mù AMCAS tí wọ́n ti yẹ̀ wò (fọ́ọ̀mù kan náà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé MD jọ ń lò), èsì MCAT (ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé ìṣègùn), àwọn lẹ́tà ìjẹ́rìí, àti fọ́ọ̀mù kejì tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn kan tún ń béèrè ìdánwò Casper tàbí PREview, tó ń wo ìwà àti ìpinnu èèyàn. Èyí tó bá dé kẹ́yìn ni ọjọ́ yín. Bí mẹ́ta bá ti dé láti oṣù keje, tí lẹ́tà olùkọ́ kan sì dé ní oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án lẹ dé.

AMCAS, àti ìlà tó wà níbẹ̀

Fọ́ọ̀mù AMCAS máa ń ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ó máa ń ṣeé fi ránṣẹ́ láti ìparí oṣù náà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, wọ́n á sì kó ìpele àkọ́kọ́ lọ fún àwọn ilé-ìwé ní ìparí oṣù kẹfà. Láàárín ìgbà tí ẹ fi ránṣẹ́ àti ìgbà tí ilé-ìwé máa rí i, àyẹ̀wò wà níbẹ̀: ẹnì kan á fi transcript yín (ìwé máàkì láti ilé-ìwé) sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù, á sì máa kà á ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni ìdúró ti ń di gígùn. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lè rí àyẹ̀wò rẹ̀ parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tó bọ́ sórí ìlà nígbà tí èrò ti pọ̀, láti ìparí oṣù kẹfà lọ, lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fi fà sẹ́yìn lè di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje kí ilé-ìwé tó rí orúkọ yín. Àmọ́ ìyàtọ̀ ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ṣàìsùn.

Wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò títí gbogbo transcript fi dé. Wọn ò nílò MCAT tàbí lẹ́tà fún un, nítorí náà ẹ má fi fọ́ọ̀mù pamọ́ nítorí lẹ́tà tí kò tíì dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni kí ẹ ti ní kí ilé-ìwé fi transcript ránṣẹ́, kí fọ́ọ̀mù ìdánimọ̀ tí AMCAS ń fún yín sì bá a lọ. Bí máàkì sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí bá máa gbé GPA (ìpíndọ́gba máàkì) yín sókè, ẹ dúró kó kọ́kọ́ hàn lórí transcript ná.

Transcript tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé ni ti community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì) tí wọ́n ti ṣe kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ìwé girama. Wọ́n á ní ó ṣáà ti wà lórí transcript yunifásítì wọn. Kò tó. Ọ̀dọ̀ college yẹn gan-an ni transcript ti gbọ́dọ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Kọ́ọ̀sì tí ẹ fi sílẹ̀ láàárín sáà tí wọ́n fi W sí, ẹ kọ ọ́. Èyí tí ẹ tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ méjèèjì. Ẹ má fi orí kọ ọ́: ẹ gba ẹ̀dà transcript kan fún ara yín, kí ẹ wò ó kọ nọ́ḿbà kọ́ọ̀sì, orúkọ rẹ̀, iye credit, àti máàkì. Bí àṣìṣe bá pọ̀ jù, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù náà padà fún yín, àtúntò sì di dandan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà, èyí tó máa ń dun àwọn ọmọ wa jù. Wọ́n kọ Oluwadamilola sórí ìwé ìrìnnà, Damilola ló wà lórí transcript, Dami ló sì fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Àyè wà lórí AMCAS fún orúkọ mìíràn tí wọ́n mọ̀ yín sí. Ẹ lò ó. Ní ti MCAT, orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdánimọ̀ yín mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó kàwé ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ kó tó dé Amẹ́ríkà, AMCAS kì í yẹ irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì máa ń béèrè kọ́ọ̀sì tí èèyàn ṣe ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Ọdún kan tàbí méjì ṣáájú ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wádìí. Àwọn tó wà lórí físà F-1 (físà akẹ́kọ̀ọ́) pẹ̀lú: ilé-ìwé púpọ̀ kì í gbà wọ́n rárá, àmọ́ ẹni tó ní green card kò sí nínú ìyẹn.

MCAT

Èsì MCAT máa ń tó oṣù kan kó tó jáde. Ìdánwò oṣù kẹta, èsì oṣù kẹrin. Ìdánwò ìparí oṣù karùn-ún, èsì ìparí oṣù kẹfà, ìyẹn ṣì dáa. Ẹni tó ṣe é nínú oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá ni fáìlì rẹ̀ máa tó pé, àwọn kan á sì ti gba àyè wọn nígbà náà. Oṣù kìíní sí oṣù kẹrin la máa ń yàn fún ẹni tó bá bi wá, torí pé bí kò bá lọ dáadáa, àyè wà láti tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí kàlẹ́ńdà jókòó ṣe ìdánwò tí ẹ ò tíì múra fún. Máàkì rẹ̀ máa ń wà láàárín 472 sí 528, ìpíndọ́gba àwọn tó ń wọlé sì wà ní nǹkan bí 511 sí 512. Ìdánwò ìdánrawò yín ló máa sọ ibi tí ẹ dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré lèèyàn lè ṣe é lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀meje láyé ẹni.

Bí èsì yín kò bá ní dé kí oṣù keje tó dé, ọgbọ́n kan wà. Ẹ fi AMCAS ránṣẹ́ sí ilé-ìwé kan ṣoṣo, èyí tí ẹ máa lọ bó ti wù kó rí, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Àyẹ̀wò á máa lọ lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń dúró de èsì. Tó bá dára, ẹ fi àwọn ilé-ìwé yòókù kún un. Wọn ò tún ní yẹ fọ́ọ̀mù náà wò lẹ́ẹ̀kejì. Tí kò bá dára, owó ilé-ìwé kan ló bọ́ sọ́nù, kì í ṣe ti ogún. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ilé-ìwé kan yẹn máa kà yín sí ẹni tó ti béèrè rí tí ẹ bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ti owó, àwọn tí agbára wọn kò gbé e lè béèrè Fee Assistance Program (ètò ìrànlọ́wọ́ owó) lọ́dọ̀ AAMC, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó AMCAS àti MCAT. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, torí wọn kì í dá owó tí ẹ ti san padà. Wọ́n lè wo owó tó ń wọlé fún àwọn òbí pẹ̀lú, nítorí náà ẹ tètè béèrè ìwé owó orí lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́tà àti fọ́ọ̀mù kejì

Ẹ bẹ àwọn olùkọ́ fún lẹ́tà nínú oṣù kejì tàbí ìkẹta, kí ẹ sì fún wọn ní gbèdéke tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an ní oṣù kan, bíi ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún. Tí ìgbà ìsinmi bá ti dé, ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ò ní sí nílé. A mọ̀ pé ó máa ń ti àwọn ọmọ Yorùbá lójú láti máa rán àgbà létí. Níbí, àìránlétí ni wọ́n máa fi sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò ká yín lára.

Fọ́ọ̀mù kejì máa ń wọlé láti ìparí oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ, nígbà mìíràn márùn-ún lọ́jọ́ kan. Ẹ gbìyànjú kí ẹ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbéèrè rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún, nítorí náà ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ nígbà tí àyẹ̀wò AMCAS ń lọ lọ́wọ́. Ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wá orúkọ ilé-ìwé mìíràn nínú àròkọ náà: ẹni tó bá ń kọ ogún lẹ́ẹ̀kan náà máa ń gbàgbé èyí tó dà kọ láti inú ti àná.

Nígbà tó sàn kí ẹ dúró

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi AMCAS ránṣẹ́, ẹ ò lè tún àròkọ inú rẹ̀ ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lè fi nǹkan kún àwọn iṣẹ́ àti ìrírí tí ẹ kọ, èyí tí wọn kì í jẹ́ kó ju 15 lọ. Fọ́ọ̀mù tó gún régé ní àárín oṣù keje dára ju èyí tí a fi ìkánjú kọ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà. Tó bá ti wọ oṣù kẹsàn-án tí MCAT kò tíì sí, tàbí tí ẹ kò tíì lo àkókò tó pọ̀ nílé ìwòsàn, ẹ dúró de ọdún tó ń bọ̀. Owó ogún ilé-ìwé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi dán ọ̀nà wò.

Ilé-ìwé DO (oyè dókítà kejì tó wà ní Amẹ́ríkà), tí fọ́ọ̀mù wọn ń gba AACOMAS kọjá, lè ṣí sílẹ̀ wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, àmọ́ bí ó ṣe ń dé ni àwọn náà ṣe ń kà á. Ẹni tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìwé rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wéwò bíi WES, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn ará Houston àti Dallas, ẹ má gbàgbé TMDSAS, fọ́ọ̀mù tí àwọn ilé-ìwé Texas ń lò: ó ń ṣí nínú oṣù karùn-ún, ó ń tì ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, òfin sì ya ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ilé-ìwé ìjọba sọ́tọ̀ fún ará Texas.

Early Decision dà bí ọ̀nà àbùjá: ilé-ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ ti fi AMCAS ránṣẹ́ ó pẹ́ tán ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, kí ẹ gbọ́ èsì ó pẹ́ tán ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Bí wọ́n bá kọ̀ yín, oṣù kẹwàá lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn yòókù. A kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe é àfi tí ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀ bá ti sọ pé kó wá.

Ẹni tí wọ́n bá fi sórí ìlà ìdúró, ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ni kó máa wò. Ìgbà yẹn ni ẹni tó ní àyè méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, àyè tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ ni ilé-ìwé máa fi pe àwọn tó ń dúró, láti oṣù karùn-ún lọ. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú ṣáájú ìgbà náà, kí ẹ sọ ohun tuntun tí ẹ ti ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti rí yín kẹ́yìn. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ nọ́ḿbà fóònù, ẹ tún un ṣe lórí AMCAS. Kí ẹ sì máa wo àpò spam nínú ímeèlì yín lójoojúmọ́, torí wákàtí díẹ̀ ni àwọn ilé-ìwé kan máa ń fún èèyàn láti fèsì nígbà tí sáà tuntun bá ti sún mọ́lé.