Ìdí tí kọmíṣọ̀n mi fi ń dín kù

Mo máa ń pín líǹkì ọjà ilé-iṣẹ́ kan lórí ayélujára; bí ẹnikẹ́ni bá ti orí rẹ̀ ra ọjà, wọ́n á fún mi ní kọmíṣọ̀n. Oníbàárà mi kan ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, ra bílẹ́ńdà láti orí líǹkì mi, ó san ₦23,000. Kọmíṣọ̀n 5% ni ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí, àmọ́ ₦1,000 ló wọlé, kì í ṣe ₦1,150. Mo ní kí oníbàárà fi rìsíìtì ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi: owó ọjà gan-an jẹ́ ₦20,000, VAT (owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà) 7.5% jẹ́ ₦1,500, owó ìfijíṣẹ́ náà ₦1,500. Orí owó ọjà nìkan ni wọ́n ti ń ṣírò kọmíṣọ̀n, ó sì wà nínú àdéhùn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè rìsíìtì! Bí oníbàárà bá dá ọjà padà, kọmíṣọ̀n rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ní báyìí, iye tí mo ṣírò àti iye tó ń wọlé ti ń bára mu.