Owó Hítà Ń Gba Ojú Fèrèsé Jáde

Owó hítà oṣù àkọ́kọ́ tí òtútù wọlé lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ̀n nínú ilé. Inú bí mi gidi. Gbogbo ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ olóoru ni mo ti wá ló ń ní kí n lọ ra ẹ̀wù tó nípọn. Kò sẹ́ni tó ní kí n yẹ férémù fèrèsé wò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni owó ń gbà lọ.

Ti aṣọ kò le. Kí èyí tó fara kan ara má ṣe jẹ́ òwú, torí òwú máa ń fa òógùn mu, kì í sì í tètè gbẹ. Irun àgùntàn ló dára. Ti rádíétọ̀, irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gbà kọjá láti mú ilé móoru, náà kò le: bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá gbóná tí òkè tutù, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tú ojú kékeré tó wà lókè díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ jáde. Bí omi bá ti yọ, ẹ dí i.

Fèrèsé ló fojú mi rí màbo. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo ká kọ́tìnnì kúrò, mo tan igi tùràrí kan, mo sì rọra gbé e yí etí férémù ká. Níbi tó dí dáadáa, èéfín ń lọ sókè tààrà; ní igun ìsàlẹ̀, ńṣe ló tẹ̀ wọnú yàrá, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo ra fóòmù onígọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí férémù láti dí àlàfo, èyí tó nípọn tó mìlímítà 9, mo rò pé bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe máa dí tó. Fèrèsé kọ̀, kò pa dé. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni kí n fi ọ̀rá wé amọ̀ rírọ̀ díẹ̀, kí n pa fèrèsé lé e, kí n wọn bó ṣe tẹ́ tó. Mìlímítà 4 ni. Mo wá ra 6, kó lè fún díẹ̀.

Mo lẹ̀ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti bọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀! Gọ́ọ̀mù ni mo ń bínú sí, àfi ìgbà tí mo yí èyí tó bọ́ padà tí mo rí i pé omi ṣe wínníwínní lójú gọ́ọ̀mù náà. Ooru oúnjẹ, èémí wa àti aṣọ tí a ń sá sínú yàrá ló ń di omi lára férémù tó tutù. Bí ẹ bá nù ún, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó tún ti padà. Ojú kì í rí i, àmọ́ ìka máa ń mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà, irú gọ́ọ̀mù yìí kì í fẹ́ mú bí férémù bá tutù ju 10°C lọ.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀sán ni mo ṣe é. Hítà ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì. Mo fi omi ọṣẹ fọ férémù, mo nù ún gbẹ, mo fi sípíríìtì nù ún, mo wá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo lẹ fóòmù náà láìfà á, torí èyí tí a bá fà máa sún kì padà, igun á sì ṣí sílẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ibì kọ̀ọ̀kan, mo pa fèrèsé, mi ò ṣí i títí di ọjọ́ kejì. Òtútù kejì rèé, ìkankan kò tíì bọ́, inú mi sì ń dùn sí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kàn án.

Ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ férémù lápá ìta, ẹ má dí i. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà ṣàn jáde. Ojú afẹ́fẹ́ tí wọ́n dìídì dá sí ògiri náà, ẹ fi sílẹ̀, pàápàá níbi tí gáàsì tàbí igi bá ti ń jó. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó lè jáde lára ohun tó ń jó, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ̀rọ tó máa ń ké bí gáàsì yìí bá wà nínú afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra fóòmù.