Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń tajà ní họ́lídè, ẹ yéé fowó ṣòfò

Gbogbo họ́lídè gígùn làwọn ọmọ àdúgbò wa máa ń bẹ̀rẹ̀ òwò, eléyìí á ta sóbò, tọ̀ún á ta gúgúrú, ó dáa bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n ń jó níná ló ń bí mi nínú, torí wọn ò mọ̀ pé òwò ṣíṣe lófin. Òfin ọdún 2018 lórí ìfigagbága ọjà àti ààbò oníbàárà wà ní Nàìjíríà, FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ló ń mójú tó o.

1. Má tẹ lébẹ́ẹ̀lì tó jọ ti ẹni tọ́jà ẹ̀ ń yá. Ọjọ́ tí wọ́n bá ká ẹ mọ́ ọn, gbogbo ọ̀rá tó o tẹ̀ ẹ́ sí yẹn ti dìdọ̀tí.

2. Má kọ ₦300 sára ọjà kó o wá gba ₦350.

3. "Ẹ jẹ́ ká jọ máa tà á níye kan." Hẹn! Àwọn ọmọ tó ń ta sóbò lójú títì kan náà á fẹnu kò pé ike kan ò gbọ́dọ̀ dín ní ₦500, wọ́n á ní ìṣọ̀kan nìyẹn. Ìṣọ̀kan wo? Bí ìgbà tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì ti fẹnu kò sórí òmì kí wọ́n tó wọ pápá ni, táwa tá a sanwó wọlé wá ń pariwo lásán. Ẹni tó fẹ́ rà ò ríbi sá sí, ẹni tó sì mọ sóbò ṣe jù ò ní fi jínjà sí i mọ́, kí ló máa rí níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwa àgbà ni wọ́n ti kọ́ ọ, mi ò ní purọ́. Èmi tí mò ń ta píọ̀ wọ́tà yìí, àwọn olórí ẹgbẹ́ ti wá bá mi rí pé mò ń fi ₦50 já báàgì kan wálẹ̀, wọ́n kó omi mi sórí Márúwá, wọ́n ní kí n wá san fáìnì, èmi tí mo máa ń pariwo ju gbogbo kọ́yà lọ, ohùn ò jáde. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òfin, àwọn tó fẹnu kò gan-an ló jẹ̀bi: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5, tàbí owó tó lè tó mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹ lè jọ dáwó ra yìnyín o, ẹ lè jọ gba tábìlì. Iye tẹ́ ẹ máa tà á ni kí kálukú lọ fúnra ẹ̀ rò.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra Coke tútù, má ní àfi kó ra bísíkíìtì tí ò tà mọ́ ọn. Òfin ò gba ìyẹn náà.

Ọmọ kan ní òun ń bẹ̀rù kí wọ́n má mú òun torí òun ń tà ju àwọn ẹgbẹ́ òun lọ. Ta ló ní kó o má tà? Tí gbogbo kíláàsì bá ń tò síwájú ẹ, máa tà lọ. Àmọ́ tó o bá ti dọ̀gá ọjà tán, má wá lọ sanwó fún oníke pé kó má tà fáwọn yòókù mọ́.