Bá a ṣe jẹ́ kí ilé ìwé àwọn ọmọ wa máa tètè sọ̀rọ̀ fún wa nígbà Kòrónà (ìrírí mi)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin òbí bíi tèmi. Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe é tí ilé ìwé àwọn ọmọ wa n'Ìbàdàn níbí fi wá ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sóbìí lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an, mo wá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe lọ, torí àìsàn ò tíì tán láyé, ó sì lè wúlò fẹ́lòmíì. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí.

Jánúárì 2021 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìgbà tí Kòrónà padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà àkọ́kọ́, ní Máàṣì 2020, ìjọba ti gbogbo ilé ìwé pa, ó dùn wá, àmọ́ ó yé wa, ilé ìwé tì, ó parí síbẹ̀. Nígbà tó di July 6 wọ́n ní káwọn Primary 6, JSS3 àti SS3 padà wọlé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ torí ìdánwò, ìyẹn náà yé wa. Ti Jánúárì yìí ló wá dà wá lórí rú. Látìgbà Kérésì nìjọba àpapọ̀ ti ní ilé ìwé ò gbọdọ̀ ṣí títí di January 18, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tún ní àwọn ṣì ń gbé déètì yẹn yẹ̀ wò, kó tó di òpin ọ̀sẹ̀ yẹn wọ́n tún ní kò yẹ̀ mọ́, 18 náà ni. Ẹni tó ti wá ẹni tó máa bá a jókòó ti ọmọ nílé, tó tún ti sanwó bọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún mi, èwo ni kó mú ńbẹ̀? Lálaalẹ́ ni NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ń gbé iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde, ó ń ju 1,000 lọ lójúmọ́, a ń kà á, àyà ń já, àárọ̀ tún máa mọ́ a máa tún wẹ ọmọ fún ilé ìwé.

Ilé ìwé wa, ti aládàáni ni, lápá Mọ́kọ́lá níbí. Ẹ rántí pé ìgbà ọyẹ́ ni, kò sọ́mọ tí kì í wúkọ́, kò símú tí kì í dà, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ èyí tó jẹ́ ọ̀fìnkìn àti èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún wa pé àǹtí kan ní Primary 4 ti lọ ṣàyẹ̀wò ní Adamásingbà tí wọ́n sì ti bá a lára ẹ̀, kì í ṣe ilé ìwé, dírẹ́fà bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ ni, ó sọ ọ́ fún ìyá kan lẹ́nu géètì láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán gbogbo wa ti gbọ́, ṣùgbọ́n kálukú pẹ̀lú ohun tóun gbọ́. Ẹnì kan ní tíṣà mẹ́ta ni. Ẹnì kan ní wọ́n ti gbé ọmọ kan lọ sí Olódó, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní Kòrónà. Lórí WhatsApp ilé ìwé, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ ń lọ bó ṣe yẹ, ìwé tí wọ́n fi sínú báàgì ọmọ mi ní kí Primary 3 àti 4 jókòó sílé títí wọ́n á fi gbọ́ nǹkan míì, àǹtí kíláàsì míì sì sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá ní Mọ́ńdè. Alẹ́ ni ìyá tó ni ilé ìwé wá gbé ohùn sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, ká má fòyà. Àwa òbí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ni wọ́n bá ti gúrúùpù náà pa, ó wá ku admin nìkan tó lè kọ nǹkan síbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, títì tí wọ́n tì í yẹn dùn mí ju àìsàn fúnra ẹ̀ lọ.

Ìdí tó fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ ni màmá ọkọ mi. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní àtọ̀gbẹ, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Primary 4 yẹn kì í sì í sùn síbòmíì àfi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ṣàlàyé ẹ̀ nígbà yẹn pé ẹni tí kiní yìí bá wà lára ẹ̀ lè ti máa kó o ran èèyàn láti bí ọjọ́ méjì kí ara ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, pé ẹni tó bá sì sún mọ́ ọn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 15 lọ sókè, ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ onítọ̀hún fún ọjọ́ 14. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Bí ilé ìwé bá fi ọjọ́ mẹ́rin pa á mọ́ra, òru mẹ́rin lọmọ mi àti ìyá àgbà jọ fi bo aṣọ kan náà. Tí wọ́n bá sọ fún mi lọ́jọ́ náà, alẹ́ ọjọ́ náà ni mo máa ti tẹ́ ẹní ọmọ sí yàrá míì. Kì í ṣe pé mo ní kí tíṣà má ṣàìsàn, èèyàn ni wọ́n. Ohun tí mo ń bínú sí ni pé wọ́n mọ̀, wọn ò sì sọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ra ìwé 40 leaves kan, mo jókòó, mo da gbogbo ohun tó ti ọ̀dọ̀ ilé ìwé jáde kọ síbẹ̀, ọjọ́ tó dé, aago tó dé, ibi tó gbà dé, ẹni tó sọ ọ́, ohun tó sọ. Mo lẹ ìwé inú báàgì mọ́ ojú ewé ẹ̀. Mi ò fi èébú kan tàbí èrò tèmi kún un rárá, torí mo mọ̀ pé tí mo bá dé iwájú wọn tí mo ń pariwo, ariwo mi ni wọ́n máa dáhùn, wọn ò ní dáhùn ọ̀rọ̀. Ìwé yẹn wúlò ju gbogbo nǹkan tá a padà ṣe lọ. Ẹni tó bá rí i bó ṣe tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé àwa òbí ló ń dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ṣí gúrúùpù tuntun o, gúrúùpù tuntun ló máa ń di ibi ìjà. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, bí mo ṣe ń pè ni wọ́n ń sọ ọ́ jáde, àwọn míì ní ó ti tó sáà méjì táwọn ti ń pa ohun kan mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ọ̀sì ni bàbá náà, àwọn ló là mí lójú pé ó nídìí tí a ò fi gbọdọ̀ bèèrè orúkọ aláìsàn, pé àṣírí ẹ̀ ni, ohun tó kàn wá ni kíláàsì wo àti ọjọ́ wo. Bọ̀dá kan tó ń wa Máíkírà sọ fún mi pé àwọn ò lo WhatsApp, fóònù onítọ́ọ̀ṣì làwọn ní, gbogbo ohùn tí ìyá onílé ìwé ń gbé sílẹ̀ yẹn àwọn ò gbọ́ ọ̀kan rí. Mọ́mì Ìbejì tó ń ta ata ní Bódìjà náà sọ bẹ́ẹ̀, ó ní nígbà tóun bá délé tóun tan dátà, ọ̀rọ̀ ti ga ju orí lọ. Ọ̀nà kan ò wọjà, àmọ́ ilé ìwé wa ti sọ ọ́ di ọ̀nà kan.

A wá kọ lẹ́tà. Ojú ewé kan péré ni, a kọ́kọ́ kí wọn, a dúpẹ́ fún omi àti sanitáísà tí wọ́n gbé sẹ́nu géètì, torí òótọ́ ni pé wọ́n gbé e síbẹ̀, a wá sọ ohun tá a fẹ́. A fi kún un pé ìlànà tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2020 lórí bí ilé ìwé ṣe máa padà ṣí náà wà nílẹ̀, pé ká jọ wò ó. A tẹ ẹ̀dà méjì, a fi ọ̀kan sílẹ̀, a ní kí akọ̀wé bá wa fi sítáǹpù lu èkejì kó kọ déètì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo sítáǹpù yìí. Lẹ́tà tí kò ní in, wọ́n á ní àwọn ò rí i.

Wọ́n pè wá lẹ́yìn náà, àwa bíi mélòó kan, pẹ̀lú alága PTA. Ìta gbangba la jókòó sí, gbogbo wa wọ ìbòmú. Ìyá tó ni ilé ìwé kọ́kọ́ le, wọ́n ní, "Ẹ̀yin òbí, tá a bá sọ ọ́ báyìí, ẹ ẹ̀ ní kó ọmọ yín lọ? Àwọn tíṣà yìí, ẹ mọ oṣù tí wọn ò fi gbowó lọ́dún tó kọjá?" Mo sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí a mọ̀ ọ́n, àwọn tíṣà aládàáni jìyà gan-an nígbà tí ilé ìwé tì, àwọn míì ń ta búrẹ́dì. Mo ní, "Mà, a ò fẹ́ kó ọmọ wa lọ. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín máa fọkàn balẹ̀ ju ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu dírẹ́fà lọ." Bàbá nọ́ọ̀sì wá ní, "Mà, ẹ dákun, ṣebí Gómìnà Mákindé fúnra wọn ló jáde ní March 30, 2020, tí wọ́n ní àyẹ̀wò àwọn ti jáde, kiní yìí wà lára àwọn. Ṣé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tú ká ni?" Ìyá dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti di pé a jọ ń wá bó ṣe máa ṣeé ṣe.

Ibi tá a fẹnu kò sí nìyí. Ẹnì kan ṣoṣo lá máa sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé ìwé, igbákejì olórí ilé ìwé ni wọ́n mú, tíṣà tàbí dírẹ́fà kankan ò gbọdọ̀ sọ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n máa sọ, kó tó di aago méje alẹ́. Wọn ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ kíláàsì, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí ẹni náà wá kẹ́yìn, torí ibẹ̀ lèèyàn ti máa ka ọjọ́ 14 ẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí òbí máa ṣe, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí ìròyìn míì máa dé, bí kò tiẹ̀ sí ohun tuntun. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, èmi ni mo dúró lé e lórí, wọ́n fẹ́ yọ ọ́, mo kọ̀. Àárín ìgbà tí wọ́n dákẹ́ ni àhesọ máa ń wọlé.

Tẹ́ẹ̀sì la ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́, kó lè dé orí fóònù onítọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ géètì pẹ̀lú. Ibí yìí la ti bá wàhálà tá ò ronú kàn pàdé. Èkíní, tẹ́ẹ̀sì tá a bá fi àmì orí Yorùbá kọ, lẹ́tà 70 péré ló ń gbà lójú ewé kan dípò 160, owó á sì di ìlọ́po. A wá fohùn ṣọ̀kan pé ká kọ ọ́ láìsí àmì, kò wù mí, àmọ́ owó ni. Èkejì, àwọn òbí kan ò rí nǹkan kan gbà nígbà tá a dán an wò, a wádìí ẹ̀, àṣé wọ́n ti fi nọ́ńbà wọn sí DND, ìyẹn ètò tó ń dí tẹ́ẹ̀sì ìpolówó lọ́nà, nígbà tí ìpolówó sú wọn, tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í sì í wọlé síbẹ̀. Nọ́ńbà 2442 lèèyàn fi ń tún un ṣe, akọ̀wé ilé ìwé pe àwọn tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì jókòó ti àwọn míì lẹ́nu géètì bá wọn ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn.

Kò pẹ́ tí ti ẹlòmíì fi ṣẹlẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà rèé, mo ṣì ní in lórí fóònù:

"Eni kan ni Pry 4 ti ni Korona. Fraide 29/1 lo wa keyin. Pry 4 o wole di Mon 15/2. E maa wo ara omo. Tomo ba n gbona e pe 6232. A o tun kowe lola 5pm."

6232 yẹn, nọ́ńbà NCDC ni. Alẹ́ yẹn náà ni mo tẹ́ ẹní ọmọ mi sí yàrá wa, màmá bínú díẹ̀, wọ́n ní wọ́n gba ọmọ àwọn, mo bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, aago márùn-ún lu, tẹ́ẹ̀sì wọlé pé kò sí ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó pe dírẹ́fà. Àwọn tó kó ọmọ wọn lọ pátápátá ò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn náà ti ní òun fẹ́ kó lọ sí Èkó tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà àti ọmọ mi, ara wọn le títí kiní náà fi rọlẹ̀.

Àwọn tí ọmọ wọn wà nílé ìwé ìjọba, ọ̀nà tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ṣe é lápá Ọlọ́runṣògo, ọ̀dọ̀ olórí ilé ìwé ló kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní àwọn ò lówó tẹ́ẹ̀sì, ó wá lọ bá àwọn SGB, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ilé ìwé, torí àwọn òbí àti àwọn èèyàn àdúgbò wà níbẹ̀. Wọ́n ò sanwó kankan. Wọ́n gbé pátákó dúdú sẹ́nu géètì, wọ́n yan òbí méjì ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan tó ń fi fóònù ara wọn pe àwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà lẹ́tà tá a kọ, kó bá mi sọ̀rọ̀, mo máa yọ orúkọ ilé ìwé kúrò lára ẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́.